Àgádágodo Méjì Lẹ́nu Pọ́ńpù Kan

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú wa rí lọ́nà Kika láyé Révolution, ìjọba ológun ìgbà náà, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní camarade, ìyẹn ẹlẹgbẹ́. Camarade wo? Ẹ gbọ́ ná!

Wọ́n gbẹ́ pọ́ńpù kan sẹ́bàá pèrègún tó pààlà abúlé wa àti abúlé kejì. Olórí ọ̀tọ̀, tí à ń pè ní délégué, ló ń darí abúlé kọ̀ọ̀kan. Délégué tiwa ní tiwa ni pọ́ńpù náà. Délégué tiwọn ní irọ́ ni. Tiwa fi ṣéènì àti àgádágodo dè é. Kò pẹ́, tiwọn náà fi tirẹ̀ kún un! Bí kọ́kọ́rọ́ kan bá dé, èkejì á ti lọ sí ìpàdé ní Parakou. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n àgbà?

Ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Àwa obìnrin gbé korobá, a padà sí odò tó ti di ẹrẹ̀, tí àwa àti màlúù àwọn Fúlàní jọ ń mu.

Nígbà tí ọ̀gá kan wá láti Tchaourou láti parí ìjà náà, ìyá mi dìde. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ kígbe fún Révolution, ó kígbe ẹ̀. Ó wá kọjú sí délégué tiwa, tí gbogbo wa ń pè ní Tonton.

"Tonton, ilẹ̀ ló ní ààlà. Omi tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Ta ló gbin pèrègún sí i?"

Tonton ní kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n padà fi parí ìjà: abúlé kankan kò ni ín, kí obìnrin kan láti apá kọ̀ọ̀kan máa mójú tó o. Ìyá mi ni wọ́n mú lápá tiwa. Wọ́n tú ṣéènì, a jó, àràárọ̀ ló sì ń lọ gbálẹ̀ ibẹ̀.

A rò pé ó ti tán.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, ọrùn ẹsẹ̀ ìyá mi wú. Sòbìà! Mo bi infirmier, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, pé báwo, nígbà tó jẹ́ omi pọ́ńpù là ń mu? Ó ní omi odò èṣín ni, pé kòkòrò náà máa ń pẹ́ nínú ara tó ọdún kan kó tó yọ. Inú bí mi, mo sunkún. Ìjà ti parí, omi ìjà ṣì wà lára ìyá mi.

Orí ẹní ló ti ń gbọ́ bí pọ́ńpù ṣe ń dún. Ẹsẹ̀ náà gan, kò nà mọ́ títí ìyá mi fi kú. Kò tún dé ìdí pọ́ńpù náà mọ́.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ìyá mi dà á, àwa la tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ja ìjà ààlà, ẹ máa jà á lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èèyàn rí omi mu ná. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí lágbègbè yín? Ẹ sọ tiyín fún mi. Ẹ má jẹ́ kí n rò pé ìyá tèmi nìkan ni.