Jẹnẹrétọ̀ Tí Kì Í Mu Epo

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n rí lù ní jìbìtì: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ẹja yìnyín ló ń tà ní Adéníji Adélé. Ó ti ń tà á láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ẹja yẹn náà ló sì fi rán mi níwèé títí mo fi di tíṣà físíìsì. Ẹ gbé páálí ẹja sílẹ̀ níwájú ẹ̀, á wo ojú ẹja, á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹ̀, á ní, "Èyí ti yọ́ rí, wọ́n kàn dì í padà ni. Ẹ máa gbé e lọ." Kò sí oníwàyó tó lè ta ẹja tó ti yọ́ fún un. Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ kan wọ kóòtù, ó ní iná ọ̀fẹ́ lòun ń tà, Àǹtí mi sì gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí wọ egungun.

Ẹ̀yin náà mọ bí epo ṣe gbówó lórí láti ọdún mélòó kan yìí. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ń mu epo bí aláàwẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìpè Mọ̀gáríbì. Kò sì sí bó ṣe máa ṣe é, torí fírísà ńlá méjì yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé. Bí wọ́n bá kú fún ọjọ́ méjì, ẹja bàjẹ́ nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù sì tì pa. Ìgbà tí oníbàárà kan sọ fún un pé jẹnẹrétọ̀ kan ti dé sí Ìdúmọ̀tà tí kì í mu epo rárá, ó pè mí lórí fóònù. "Tíṣà, wá sìn mí lọ. Ìwọ lo mọ̀wé." Inú mi dùn. Mo rò pé ìwé tó rán mi ló fẹ́ lò.

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni wọ́n ti ń ta á, lókè àwọn tó ń ta wáyà àti rédíò. Èèyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọkùnrin náà wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn, òógùn ń dà lára ẹ̀ wìì, ó ní ẹnjiníà lòun. Ó fi àpótí irin aláwọ̀ ewé kan hàn wá, ẹ̀rọ méjì wà lórí ẹ̀, bẹ́líìtì so wọ́n pọ̀. Ó ní bátìrì kékeré kàn máa ta wọ́n jí ni. Bí wọ́n bá ti jí, ẹ̀rọ kìn-ín-ní á máa yí èkejì, èkejì á máa fún èkìn-ín-ní níná, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú iná náà á máa tan ilé wa títí ayé. Ó rí ìbòrí lórí èmi àti Àǹtí mi, ó ní "Bìsìmíláì" kó tó tẹ bọ́tìnì. Nígbà tó yá, àwọn ìyá mẹ́ta kan wọlé tí wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún tan án, ó kígbe "Halelúyà!" Ẹ̀sìn méjì láàárín wákàtí kan, olóríburúkú. Gílóòbù tàn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rọ méjì tí wọ́n ń bọ́ ara wọn, tí oúnjẹ tún ń ṣẹ́ kù fún aládùúgbò! Ẹ gbà mí o. Ẹ da ọbẹ̀ láti inú ìkòkò kan sí òmíràn, kí ẹ tún dà á padà, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣé ọbẹ̀ yẹn á pọ̀ sí i ni? Á lẹ̀ mọ́ ìkòkò, á lẹ̀ mọ́ ìgbákọ, á kán sílẹ̀, nígbà tó bá yá omi lẹ máa fi ṣan ìkòkò jẹ ẹ̀bà. Mo fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ yẹn kó tó lé mi: ó gbóná janjan. Ooru yẹn, ibo ló ti wá bí kò bá ṣe ara iná yẹn náà? Ọbẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò nìyẹn.

Mo béèrè ohun tó wà nínú ìsàlẹ̀ àpótí tí wọ́n fi páànù kàn pa. Ó ní àṣírí ni. Mo ní kó yọ bátìrì, ká jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun ní ìpàdé. Mo ní, "Fáànù tó ń fẹ́ yín lórí yìí ńkọ́, iná wo ló ń lò?" Gbogbo wa ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń han gooro nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èéfín epo ẹ̀ sì ń bá wa lókè. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo wojú Àǹtí mi, gílóòbù ló ń wò.

Bí a ṣe ń rìn padà, mo ní, "Àǹtí mi, ẹja tó bá ti yọ́, ṣé fírísà lè sọ ọ́ di bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

"Láéláé."

"Kí ló dé?"

"Ó ti yọ́ ná. Ohun tó ti lọ nínú ẹ̀ ti lọ."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn!"

"Ẹja lò ń sọ, ọ̀rọ̀ iná là ń bá bọ̀," ló wí, ó sì kọjá sí òdìkejì títì.

Mo ní kò burú. Mo máa ṣàlàyé ẹ̀ nílé, ní Yorùbá pọ́ńbélé, láìfi gírámà kankan sí i. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti dáràn. Àgbàlá ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àbúrò bàbá wa, tó ń ṣe ìmáàmù fún gbogbo agboolé, jókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà ẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀. Mo dìde bí ẹni pé kíláàsì ni mo wà.

"Òfin kan wà," mo ní, "tí gbogbo nǹkan ayé ń tẹ̀ lé, jẹnẹrétọ̀ Ìdúmọ̀tà náà ò lè rú u. Òfin yẹn ni pé agbára, kò sẹ́ni tó lè dá a, kò sì sẹ́ni tó lè pa á run."

Bàbá ìmáàmù gbé tẹ̀sùbáà sórí itan. "Tún un sọ."

Èmi náà, mo tún un sọ.

"Àsìtàgàfírúláì! Nǹkan kan wà tí Ọlọ́run ò dá?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe irú agbára yẹn ni mò ń wí."

"Agbára mélòó ló wà? Ta ni Alágbára?"

Mo ní ẹ jẹ́ ká pè é ní okun nígbà náà. Bàbá ní okun náà ńkọ́, ta ló ń fún mi?

Òyìnbó ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi ya àwọn nǹkan yìí sọ́tọ̀. Tiwa, agbára ni agbára: ti ọba ni, ti àdúrà ni, ti oògùn ni, ti iná mànàmáná náà ni. Mo dúró láàárín àgbàlá bàbá tó bí mi, mo ń wàásù pé agbára ò ní ẹlẹ́dàá! Gbájúẹ̀ tó wọ kóòtù yẹn ti mọ èyí tipẹ́, ló ṣe ń pe Ọlọ́run kó tó tẹ bọ́tìnì. Àwọn ìyàwó ilé ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ ya wèrè. Àǹtí mi fi ìbòrí bo ẹnu. "Ìwé tí mo fi ẹja rán ẹ nìyí?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti ta jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ o! Wọ́n gbé àpótí aláwọ̀ ewé dé, Bàbá ṣàdúà sí i, wọ́n tan án. Mi ò ní parọ́, ó tàn. Bátìrì ńlá tí wọ́n ti fi iná ìjọba rọ kún, tí wọ́n fi páànù bò mọ́lẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe ju kó tàn lọ? Mo wà ní iléèwé nígbà tí Àǹtí mi fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn jẹ́ kí n gbọ́ bí fírísà ṣe ń kùn, ó wá ní, "Ṣó o gbọ́?"

Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ẹ̀rọ náà kú. Àǹtí mi pe ẹnjiníà, ẹnjiníà ní ẹ̀rọ náà ń sinmi ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ẹ̀rọ tí kì í jẹun tún ń sinmi! Iná ìjọba ò wá lọ́jọ́ yẹn, kò wá lọ́jọ́ kejì. Àǹtí mi ò pè mí. Ìgbà tí mo gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò tí mo sáré débẹ̀, omi pupa ti ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ sí gọ́tà, eṣinṣin ti dé ṣáájú mi. Àǹtí mi kúnlẹ̀ láàárín páálí, ó ń ṣa èyí tí wọ́n ṣì lè yan, kò sì gbójú sókè. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ọkùnrin náà wá fúnra ẹ̀, tòun ti kóòtù. Mo rò pé yóò sá lọ ni, àṣé mi ò tíì mọ irú ẹni tó jẹ́. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ ẹ̀. Ojú àwa tá a dúró ló ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mí kanlẹ̀. "Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ẹnì kan wà níbí tí kò gbà gbọ́. Agbára kì í bá oníyèméjì gbé."

Kò sẹ́ni tí kò yíjú sí mi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tà dànù yẹn, ṣé ìgbàgbọ́ là ń rọ sí i tẹ́lẹ̀ àbí epo? Mo pè é ní olè, mo pè é ní ọ̀bàyéjẹ́, mo ní kó ṣí páànù yẹn níṣojú gbogbo wa. Ó kàn na ọwọ́ sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ ṣáà ń gbọ́ ọ," ló sọ fún wọn. Wọ́n sì ń mi orí.

Àǹtí mi fa ọwọ́ mi jáde sétí títì. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi jà. Kò jà. Ohùn tó fi máa ń bẹ̀ mí kí n lo oògùn nígbà tí mo wà ní kékeré ló fi bá mi sọ̀rọ̀. "Ẹnjiníà ní òun máa gbé èyí tó tóbi jù ú wá láàárọ̀ Mọ́ńdè. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ẹ́, má wá. Dúró sílé ẹ, má tiẹ̀ rò ó rárá. Ká lè mọ̀ bóyá ìwọ ni."