Agogo Tí Màmúdù Tún Ṣe

Kò sí yẹ̀yẹ́ tí Súlìyát ò tíì fi ọkọ rẹ̀ ṣe lórí ẹ̀rọ géèmù yẹn. Ó ní ìyàwó kejì ni Màmúdù gbé wọlé, pé ìyàwó ọ̀hún ò mọ oúnjẹ sè, kò mọ ilẹ̀ gbá, síbẹ̀ òun ló gba yàrá ẹ̀yìn. Màmúdù á rẹ́rìn-ín, á tún dojú bolẹ̀ sídìí wáyà rẹ̀.

Nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Àpótí gígùn ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, dígí sì bo ojú rẹ̀. Bí èèyàn bá ta bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa sáré kiri, iná á máa tàn, agogo á máa dún. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún Màmúdù ṣáájú ogun abẹ́lé. Màmúdù gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta abọ́ tánganran ní Fegge nílùú Onitsha, kó lè máa bá a pe oníbàárà. Òun fúnra rẹ̀ ò fi í ṣeré rí. Bàbá rẹ̀ ní Ìwó ti kìlọ̀ fún un pé eré tó bá ti fara jọ tẹ́tẹ́ kò ní ìbùkún, nítorí náà ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí i. Ẹ má bi mí bí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í ṣeré ṣe yọ nínú ìkìlọ̀ náà. Màmúdù àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ti parí ìyẹn láàárín ara wọn.

Obiekwe, télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ló fẹ́ràn ẹ̀rọ náà jù. Àràárọ̀ ni òun àti Màmúdù jọ ń gbé e jáde. Bí àkókò ìrun bá tó, Màmúdù á fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, á gba mọ́ṣáláṣí lọ, Obiekwe á sì kọjá wá bá a ṣọ́ ọ. Nígbà tí ìlú dàrú, tí Màmúdù kó ìyàwó rẹ̀ padà sí Ìwó, ọwọ́ Obiekwe ló fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ogun jà, ogun parí. Màmúdù padà dé, ó bá ṣọ́ọ̀bù lófìfo, páànù òrùlé ti wó lu ẹ̀rọ géèmù, abọ́ kan ṣoṣo ò sì sí nílẹ̀. Kò bi Obiekwe léèrè. Ta ni kò mọ ohun tí ojú ará Onitsha rí? Ṣùgbọ́n àìbéèrè yẹn gan-an ló di ògiri láàárín wọn. Obiekwe rò pé ó ń bínú sí òun ni. Àtòdìkejì títì ló ti ń kí i, "Nnọọ," á sì yára tẹrí mọ́ máṣíìnì rẹ̀. Màmúdù tún ọjà kó, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ìrun bá tó, Màmúdù á fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ. Ó ń dùn ún lọ́kàn, ojoojúmọ́ ló sì ń dùn ún.

Ọdún tí owó Udoji jáde, tí ìjọba fi kún owó oṣù, tí gbogbo èèyàn ń ra rédíò tuntun, tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ò sì jẹ́ ká rọ́nà gbà, ni Màmúdù gbé òkú ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé. Ohun kan ló wà lọ́kàn rẹ̀: bí agogo yẹn bá tún dún, Obiekwe á gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì gbé e wá, láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu tọrọ ohunkóhun.

Ó fi kẹrosíìnì fọ irin tó ti dógùn-ún. Ó gé tíúbù kẹ̀kẹ́ rọ́pò rọ́bà tó ti gbó. Káfíńtà kan ní Nkpor gbẹ́ ẹsẹ̀ tuntun fún un, nítorí ikán ti jẹ ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń fi òjé jó wáyà pọ̀, ó jó ara rẹ̀ lọ́wọ́, Súlìyát bá a fi òróró pa á, ó ní, "Bàbá Nàfísàt, ìyàwó yín yìí mà ń jáni jẹ o." Ó yọ ibi tí wọ́n ń ki owó bọ̀ kúrò pátápátá. Nígbà tí iná ẹ̀rọ náà tàn nínú yàrá, ó fi àkísà di agogo, kó má baà dún ṣáájú àkókò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó tú àkísà kúrò. Ó tan iná sí i, ó ta bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ ò ṣe bí ẹni gbọ́. Ó yẹ wáyà wò, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́. Pàbó ló já sí. Súlìyát wo ojú ọkọ rẹ̀, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Agogo yín ò lẹ́nu mọ́," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu. Ẹ lọ pè é."

Màmúdù kọjá títì. Bí Obiekwe ṣe rí i, ó dìde. "Mamudu, your plates... Pikin dey hungry. I sell dem."

"I ask you plate?" ni Màmúdù dáhùn. "The game no gree work. Nwanne m, biko, come."

Ọmọ ìyá òun ló fi èdè Ígbò pè é yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n wo ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ogun ti parí, Obiekwe sì tẹ̀ lé e.

Kò wo wáyà kankan. Ó kúnlẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó kọjú sọ́nà odò, ó ṣa ìdérí ìgò mínírà méjì nílẹ̀, ó ki wọ́n bọ abẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síhà ibẹ̀, kò tẹ́jú bíi ti yàrá. Irin kan sì wà nínú ẹ̀rọ tó máa ń pa á bó bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ má baà máa gbé e fì láti fi jẹ. Obiekwe ta bọ́ọ̀lù. Agogo ké gbàǹgbà.

"How you take know?" ni Màmúdù béèrè.

"Every morning wey we carry am come out, na me dey put am. You no dey ever look the thing!"

Súlìyát rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmúdù náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

Wọ́n pe ìrun Alásàárì. Súlìyát na àgádágodo sí ọkọ rẹ̀ bí ìṣe wọn. Màmúdù gbà á, ó wo Obiekwe tó ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, tó ti gbàgbé pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ó ju àgádágodo náà sínú abọ́ tánganran kan, ó gbé bútà rẹ̀, ó sì lọ kírun.