Ṣíbí Fàdákà Inú Agolo

Ohun tí mo máa ń kó jọ kò jọ ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ ní Èrúwà. Irin lílọ́ tí àwọn òyìnbó àtijọ́ fi ń fa kọ́ọ̀kì yọ lẹ́nu ìgò ọtí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù ní Ìgbó-Ọrà ni mo ti rí àkọ́kọ́, láàárín páànù ọkọ̀ àti àwọn ọkọ́ tó ti dípẹtà. Igi ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan sì wà lára igi náà tí wọ́n fi ń gbọn eruku ọrùn ìgò. Mo rà á láìmọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti àwo onífàdákà. Ìyàwó mi kò bá mi jà sí i. Ó kàn ní kí n má kó wọn sórí tábìlì tí a fi ń jẹun.

Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ sí iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ló sọ fún mi nípa ìyá àgbà kan ní Lánlátẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ti ṣe kúùkù fún dókítà òyìnbó rí. Mo lọ ní Sátidé kan. Màmá náà ń yín àgbàdo níwájú ilé. Mo kí wọn, mo sì sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n kọ́kọ́ yín èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé agolo bísíkíìtì kan jáde. Ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ìgbakọ kan ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yí ṣíbí kan padà, mo rí àwọn àmì wínníwínní tí wọ́n máa ń lù sí ẹ̀yìn ojúlówó fàdákà. Mo béèrè iye tí wọ́n fẹ́ tà á.

Màmá ní àwọn ò tà á. Wọ́n ní nígbà tí dókítà ń padà sílùú rẹ̀, ó kó wọn fún ọkọ àwọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àbúrò ọkọ wọn ló wá ń sọ káàkiri ẹbí pé ta ni yóò fún kúùkù ní fàdákà lọ́fẹ̀ẹ́, pé ṣe ló jí i kó. Ọkọ wọn kò bá a fa ọ̀rọ̀ náà. Ó kó wọn sínú agolo, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì fi wọ́n jẹun rí títí ó fi kú.

“Tíṣà, bí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń mú un dán, bá mi mú un dán,” ni màmá wí. “Mo fẹ́ fi gbé oúnjẹ fún èèyàn.”

Mo padà lọ ní Sátidé kejì pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ àti ìpara tí mo fi ń nu tèmi. A jókòó sábẹ́ máńgòrò, mò ń nù ún, màmá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án. Wọ́n ń sọ bí ọkọ wọn ṣe máa ń to ṣíbí páànù sórí ẹní nígbà tí wọn ò tíì ní tábìlì, tó ń kọ́ wọn níbi tí fọ́ọ̀kì ń wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n ní kí n wá síbi ìrántí ọkọ wọn.

Lẹ́yìn ìsìn ìrántí náà, a padà sílé màmá láti jẹun. Ìrẹsì àti adìyẹ ni wọ́n sè. Iwájú àwọn àgbà ẹbí nìkan ni màmá kó fàdákà sí. Àbúrò ọkọ wọn wà níbẹ̀; Ìdèrè ló ti wá. Bàbá arúgbó náà mú ṣíbí, ó wò ó tojú tẹ̀yìn.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “ṣé èyí tí mo sọ̀rọ̀ lé lórí nìyí?”

“Òun ni,” ni màmá dá a lóhùn. “Ọkọ mi ò jí i. Ẹ máa fi jẹun.”

Bàbá náà gbé ṣíbí náà kalẹ̀. Ó wá sọ fún wa pé òun náà ti wáṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn rí, wọn ò gba òun, inú sì ń bí òun sí ẹ̀gbọ́n òun lọ́jọ́ tí òun sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun ò rí nǹkan kan tí ẹ̀gbọ́n òun jí. Màmá kò sunkún, wọn ò sì sọ pé àwọn dárí jì í. Wọ́n bu ẹran kún tirẹ̀, ó sì jẹun.

Mo ti lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ-ọmọ ń fi àwọn ṣíbí náà mu ògì, ọ̀kan sì ti tẹ̀ lọ́rùn. Ó dùn mí díẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ, màmá bi mí bóyá mo ti rí òmíràn rà. Mo ní mo gbọ́ nípa àwo kan ní Ìgángán. Wọ́n ní kí n tètè lọ, òjò ti ń ṣú.