Ọjọ́ Tí Adédùntán Kò Dìde Lórí Àga

Bí o bá ń wá ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn láìnídìí ní Kabba lọ́dún 1998, yà sí yàrá kékeré tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń lò lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Adédùntán ni wàá bá níbẹ̀. Ọmọbìnrin Iyamoye ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ́ sì gbà á fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n fi wò ó bóyá yóò ṣe é. Láràárọ̀ ló ń nu ẹ̀rọ náà bí ìyá ìkókó ṣe ń nu ọmọ, kó tó tàn án, á ti máa rẹ́rìn-ín. A ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, òun náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni, àwọn mẹ́ta ló sì ń lò ó. Àkọ́kọ́ ni Bàbá Ọlọ́runlékè, alága ẹgbẹ́, tó ń kọ gbogbo ìwé ẹgbẹ́ síbẹ̀. Èkejì ni Màmá Florence, ọmọ Mopa tó lọ́kọ sí Kabba, tó ń kọ eré Kérésì fún àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀. Tíṣà kan wà nínú eré náà tó máa ń sùn ní kíláàsì, irùngbọ̀n rẹ̀ sì jọ ti Tíṣà Moses ará Ẹ̀júkù ju bó ṣe yẹ lọ. Tíṣà Moses yìí gan-an ni ẹnìkẹta. Ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ọmọ lẹ́sìnnì rẹ̀ ló ń kọ ní tirẹ̀, ọmọ-ọmọ Màmá Florence sì wà lára wọn. Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà gba ìṣọ́ra.

Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi sọ fún Adédùntán lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí ojú ẹnìkan má kan ohun tí ẹnìkejì kọ. Ọjọ́ tí àṣírí kan bá tú, kó di ẹrù rẹ̀, kó padà sí Iyamoye lọ bá ìyá rẹ̀ bó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ yẹn ló ń lé e. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, ìfẹ́ kọ̀ǹpútà ló ti wọ̀ ọ́ lára.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó dá yàrá fún oníkálukú nínú ẹ̀rọ náà, ó kọ orúkọ wọn sí i, ó ní kí olúkúlùkù yan ọ̀rọ̀ ìwọlé, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa bèèrè kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìràwọ̀ nìkan ló ń hàn bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ó tún kọjú sí ògiri títí wọ́n fi ṣe tán. Ó dá a lójú pé eku kan ò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù mẹ́ta pé. Màmá Florence dé ní aago mẹ́wàá, ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé. "Dùntán, bá mi ṣí i, mi ò ríran. Okun ni ọ̀rọ̀ mi." Adédùntán rẹ́rìn-ín, ó ṣí i, ṣùgbọ́n màmá ò rí nǹkan kan kà, ló bá padà lọ mú awò ojú rẹ̀. Bó ṣe jáde ni Tíṣà Moses wọlé, ó fi aṣọ di ìka tí àdá bù lóko. "Bá mi tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé mi. Okun ni." Ẹ̀rín kú sí Adédùntán lẹ́nu.

Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, kò sì yẹ kó yà á lẹ́nu. Ẹni tó bá wọ ilé onílé lọ́dọ̀ wa láìsọ pé okun, ìyẹn ìkíni wa, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Ẹ̀rọ bi àwọn àgbà yìí ní ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì dáhùn bí ọmọlúàbí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni Bàbá Ọlọ́runlékè tó ń kí ewúrẹ́ lójú ọ̀nà máa tẹ̀?

Tíṣà bọ́ sí ìta lọ tún aṣọ ìka rẹ̀ dì. Adédùntán mú orúkọ bàbá alága lójú ẹ̀rọ, ó tẹ O, ó tẹ K, ó tẹ U, ó tẹ N. Ìràwọ̀ mẹ́rin ń wò ó. Inú yàrá yẹn ni ìròyìn tí alága kọ nípa rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n máa kà nípàdé kí wọ́n tó pinnu bóyá ó ń lọ tàbí ó ń dúró. Ó fẹ́ kà á. Ká má parọ́, ó fẹ́ kà á gan-an. Ó pa ìràwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́.

Wàhálà tó kù ni pé kò lè pariwo rẹ̀. Ẹyin lohùn. Bó bá fi lè sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn yàn, òun fúnra rẹ̀ ló pín kọ́kọ́rọ́ fún wọn yẹn. Ó pe Tíṣà wọlé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fi ìkíni ṣe é. Ẹ fi ohun tí ẹ ò lè sọ sí ènìyàn ṣe é." Tíṣà fi ọwọ́ òsì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí màmá padà dé, ó sọ fún òun náà ní ìkọ̀kọ̀. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló tún kí ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí mi?"

"Tiyín nìkan ni mo wá sọ, màmá."

Màmá pààrọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò relé. Ó ní òun ń gba atẹ́gùn. Tíṣà náà ò relé, ó ní òun ń sá fún òjò, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀run mọ́ kedere. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti ro ó, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Yàrá alága nìkan ló kù tí wọn ò tíì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni alága kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ kó rọ́pò òun sí. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Adédùntán jókòó sórí àga, kò dìde mọ́. Bó bá pa ẹ̀rọ, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án, òun ló kọ́ wọn. Kò sì lè ti àgbà mọ́ ìta ilé ẹgbẹ́ wọn. Aago mẹ́rin ni bàbá máa ń ti oko dé.

"Dùntán, dìde kí o na ẹsẹ̀," màmá ní.

"Ẹsẹ̀ ò ro mí, màmá."

"Lọ ra àkàrà fún mi níta," Tíṣà ní. Àgbà kì í ránni níṣẹ́ kéèyàn kọ̀. Adédùntán na ọrùn síta lójú fèrèsé, ó pe alákàrà wọlé, ó fún Tíṣà ní tirẹ̀, ìdí rẹ̀ ò kúrò lórí àga. Ìṣòro kan ṣoṣo ni kúnú ìgò ńlá tó ti mu láàárọ̀. Láti aago méjì ló ti ń fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, tó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí kò dénú. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Bàbá Ọlọ́runlékè dé, ó ní okun, gbogbo ilé ní okun. Adédùntán bẹ àwọn tó kù pé òun fẹ́ rí bàbá nìkan. Wọ́n bọ́ sí ìta, wọ́n fajú ro. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ pé o lè wọ yàrá mi?"

"Láti aago mẹ́wàá, bàbá."

"Ìròyìn tí mo kọ nípa rẹ wà níbẹ̀. Kí ni mo kọ?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Ó wù mí kí n mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò wò ó."

Bàbá gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Adédùntán kọjú sí ògiri. Bàbá wá ní, "Yíjú padà. Kà á."

Ó kà á. *Ọmọ náà mọṣẹ́, ó sì níwà, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ bóyá ó lè pa àṣírí mọ́.*

Bàbá na ìka kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ láti ẹ̀yìn. Kò mọ̀ pé èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó máa lọ fúnra rẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan ló ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń pẹ́. *Àṣírí* lọ. *Bóyá* lọ. *Ṣùgbọ́n* pàápàá lọ. Ó fi àmì ìdánudúró sẹ́yìn *níwà*. Ó tún wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, *Kó máa bá wa lọ.*

Ó yíjú padà kó gba ìdúpẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí Adédùntán tó gbá gèlè mú lọ́wọ́, tó ń sáré gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lọ sí ilé ìtọ̀, tó ń sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ké láìwẹ̀yìn pé, "Ẹ ṣé, bàbá, mò ń bọ̀ wá kúnlẹ̀."