Adìẹ Tó Kọ́kọ́ Rìn

Orúnkún mi ọ̀tún ti máa ń dún báyìí bí mo bá fẹ́ dìde. Àwọn ọmọ mi mọ ohùn rẹ̀. Kí n kàn mira lórí àga, ẹnì kan á ti sáré dé: "Ẹ jókòó, Mà, kí lẹ fẹ́ mú?" Mo máa ń jágbe mọ́ wọn. Wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ló ń jẹ́ kí n máa kanra. Irọ́ ni, bí mo ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ní ti kí wọ́n má gbé omi wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ní Ìlobù, lọ́dún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa nígbà yẹn. Ó wà lára àwọn tó kó ẹrù dé láti Gánà ní 1969, ó sì ń ta wórobo níwájú ilé wa: abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, kóòmù, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí èèyàn kì í rántí àfi tó bá nílò wọn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Bí kò bá sí oníbàárà, á tún ọjà tò. Bó bá tò ó tán, á tún un tú. Bí inú bá ń bí i, tàbí tí nǹkan bá dùn ún wọra, èdè Àṣáǹtí ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. A ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ká tètè kúrò níbẹ̀ ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tí ìyá mi ń kúnlẹ̀ kí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Ìfọ́n. Ìyá Ìfọ́n là ń pè é. Òun ló tọ́ ìyá mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ojú rẹ̀ ti fọ́, kì í jáde mọ́, ìyá mi ló sì máa ń lọ bá a. Bí a bá ti yídì dé lọ́jọ́ ọdún, ìyá mi á gbọ̀nà Ìfọ́n, á kúnlẹ̀ níwájú àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní, "Ẹ kú ọdún o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìyèdún." Ìyá Ìfọ́n á wá na ọwọ́. Afọ́jú ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kì í ṣì í, àárín orí ìyá mi gan-an ló máa ń bà lé. Á gbé e síbẹ̀, á sì máa ṣàdúà fún un.

Ó ku díẹ̀ kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá mi ṣubú. Ó gbé bútà, ó ń lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Alásárì, omi ọṣẹ sì ti sọ simẹ́ńtì ẹnu balùwẹ̀ di yíyọ̀. Inú ilé ni mo wà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀. Èdè Àṣáǹtí ni, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ojúgun rẹ̀ ló kán. Mo ní ká gbé e lọ sí ọsibítù l'Óṣogbo. Ó ní wọ́n á gé e. Mo ní wọn ò ní gé e. Ó ní, "Ìgbà wo lo di dókítà?" Bí a ṣe ránṣẹ́ pe bàbá kan tó ń to eegun nìyẹn.

Bàbá náà to ẹsẹ̀ yẹn, ó fi òrí pa á, ó fi ọparun pẹlẹbẹ há a láàárín, ó sì fi aṣọ dì í. Lẹ́yìn náà ló ní ká mú adìẹ wá. Àwọn àgbà agbègbè wa mọ èyí. Ẹni tó ń to eegun á dá ẹsẹ̀ adìẹ, á to tirẹ̀ náà, á fi igi dì í, ohun tó bá fi ń tọ́jú èèyàn ni yóò fi máa tọ́jú adìẹ. Ọjọ́ tí adìẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tó rìn ni wọn á tú igi ẹsẹ̀ aláìsàn. A mú àgbébọ̀ pupa kan wá. Nígbà tí ẹsẹ̀ adìẹ náà dún, ìyá mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà la ti ń gbé ìyá mi bí ẹyin. Oúnjẹ ń dé orí ibùsùn, omi ń dé orí ibùsùn, póò náà ń dé ibẹ̀. Bó bá nawọ́ sí tẹ̀sùbáà rẹ̀, ẹnì kan á ti bá a mú un. Àwọn tó wá kí i náà ò jẹ́ kó gbọ̀n. "Ẹ sinmi, Ìyá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ní ti adìẹ, kò sẹ́ni tó rí tirẹ̀ rò. Ó ń tiro kiri ẹ̀yìnkùlé, ó ń wá ohun tó máa jẹ.

Ọdún Ìtúnnu Ààwẹ̀ dé, ìyá mi ò lè lọ sí Ìfọ́n. Wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. A ti ránṣẹ́ sí Ìyá Ìfọ́n tẹ́lẹ̀ pé àbúrò rẹ̀ ṣubú, àti pé ara ti ń yá. Nígbà tí ọdún kọjá tí kò rẹ́ni kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbà pé àbúrò òun ti kú. Ó mọ ìwà wa. Nílẹ̀ wa, a kì í sáré sọ fún arúgbó pé ẹni tó fẹ́ràn ti kú. A ó ní ó rìnrìn àjò, a ó ní ara rẹ̀ ò yá díẹ̀, a ó máa sún un síwájú. Òun fúnra rẹ̀ ti tan àwọn ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo dé Ìfọ́n láti lọ kí i, mo búra pé ìyá mi wà láàyè. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà la máa ń wí." Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kò jẹun dáadáa mọ́, pé bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kàn tọ́ ọ wò ni, á sì tì í kúrò.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó sunkún. Kò pẹ́ sígbà náà ni adìẹ rìn. Bàbá náà dé, ó tú igi, ó ní eegun ti so. Ẹsẹ̀ tó jáde lábẹ́ igi ti rù hangogo, orúnkún sì ti gan. Ìyá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ké, ó padà jókòó, ó sì kọjú sí ògiri. Bàbá ní kó máa fi òrí fà á, kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé orúnkún yẹn á tún ká mọ́. Lẹ́yìn tó lọ, obìnrin àdúgbò wa kan ní adìẹ ló gba ìlera ìyá mi lọ, ká pa á ká fi se ọbẹ̀ fún un, kí ìlera náà lè padà sí ara rẹ̀. Inú ń bí mi sí adìẹ yẹn débi pé mo ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ìyá mi ní ká má fọwọ́ kàn án. Ó ní ká sún ibùsùn òun sẹ́bàá fèrèsé, ó sì ń wo ẹ̀yìnkùlé títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ dé, ó bi mí pé, "Ta ló ń fún adìẹ yẹn lóúnjẹ?"

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan, Ìyá. Òun ló ń wá tirẹ̀."

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a lẹ́sẹ̀?"

"Láti ọjọ́ náà."

Ó wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. "Gbé e padà. Gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn, kó o sì jáde."

Mo jiyàn, mo jiyàn, ó fi èdè Àṣáǹtí dá mi lóhùn. Mo gbé e síbẹ̀. Mo fara pamọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Nígbà tó dé ìdí abọ́, oúnjẹ ti tutù. Ó jẹ ẹ́. Mo fi ìborùn bo ẹnu kó má baà gbọ́ ẹkún mi. Nígbà tó yá, ó ní ká gbé abọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀yìnkùlé, ó tún di ìdí ọjà rẹ̀ níwájú ìta. Àwọn aládùúgbò ní mò ń febi pa ìyá mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹsẹ̀ á wú, tí á padà sí ibùsùn láìjẹun. Kò jẹ́ ká gbé e wá fún òun lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Ó sì kọ́ bí yóò ṣe máa dìde láti ilẹ̀: á yí sí ẹ̀gbẹ́ tó dáa, á di ẹsẹ̀ àga mú, á na ẹsẹ̀ tó gan sẹ́yìn, á sì fi apá ti ara rẹ̀ sókè. Adìẹ náà ń yé títí tó fi gbó, ó sì kú lọ́jọ́ tó wù ú. Ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́.

Òjò ń kán nílẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Epo mọ́tò wọ́n bí ojú lásìkò náà, síbẹ̀ mo rí takisí kan. Mo ní káwọn ọmọkùnrin ilé bá wa lọ, kí wọ́n gbé e wọlé. Ó ní, "Kí wọ́n gbé mi wọlé bí ẹrù, kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbé mi? Ẹsẹ̀ mi ni màá fi wọlé." Takisí já wa sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, mo tẹ̀ lé e.

Ìyá Ìfọ́n jókòó sórí àga rẹ̀. Mo sọ sétí ìyá mi pé kó kàn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ríran. Ó wò mí bí ẹni pé n kì í ṣe ọmọ òun. Ó jọ̀wọ́ ọ̀pá, ó di àga mú, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí ẹní, ẹsẹ̀ kan nà gbọọrọ níwájú rẹ̀. Orúnkún kọ̀, kò ká. Ó ní, "Ẹ kú ọdún o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìyèdún."

Ọwọ́ Ìyá Ìfọ́n jáde, ó lọ síbi tó máa ń lọ. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Ojú rẹ̀ yí padà, ẹ̀rù bà mí. Ìyá mi di ọwọ́ náà mú, ó fà á wálẹ̀ sórí ara rẹ̀, láti orí dé èjìká, títí dé ẹsẹ̀ tó nà sílẹ̀ yẹn.

"Kò ká mọ́," ìyá mi wí. "Ẹ foríjì mí."

"Ìwọ náà nìyí," ni Ìyá Ìfọ́n ń wí. "Ìwọ náà nìyí. Mo ti sunkún rẹ tán." Kí n tó lè ṣe nǹkan kan, ó ti yọ̀ kúrò lórí àga sórí ẹní, ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ṣàdúà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nítorí Ìyá Ìfọ́n béèrè pé ta ló fẹ́ gbé àwọn dìde báyìí.

Mo sún mọ́ wọn. Ìyá mi ní kí n dúró síbi tí mo wà. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́, ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó sọ gbólóhùn Àṣáǹtí kan, ó sì dìde. Nígbà tí mímí rẹ̀ rọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi rèé."

Ìyá Ìfọ́n gbójú sókè láti ilẹ̀, ó na tirẹ̀. Kò ṣì í.