Bí Wọ́n Ṣe Tọ́jú Mi Lọ́jọ́ Tí Mo Ṣẹ́yún

Mo rántí ìgbà tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Stockbridge, ní Georgia ní Amẹ́ríkà, dé òkè láì jókòó sinmi ní àárín rẹ̀. Mo ti bí ọmọ wa kejì nígbà náà, ọmọkùnrin tó sanra bí ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n ìbí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí mi lọ. Lẹ́yìn tí mo bí i tán ni ẹsẹ̀ mi wú, tí mi ò lè dùbúlẹ̀ kí n mí dáadáa mọ́, tí ọkọ mi sì sáré gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Decatur. Ibẹ̀ ni dókítà ọkàn ti sọ fún wa pé oyún ti sọ ọkàn mi di aláìlágbára, pé òògùn yóò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pé oyún mìíràn lè pa mí. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọkọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ọwọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ nu nǹkan kúrò níbẹ̀.

Mo gba dókítà gbọ́, mo sì ṣọ́ra bí mo ṣe gbọ́n tó. Lójú tèmi, ìyá tó bá ń fún ọmọ lọ́mú kò lè lóyún. Ohun tí àwọn àǹtí mi máa ń sọ ní Ìbàdàn nìyẹn, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá òótọ́ ni. Èmi tí mo kàwé jáde ní yunifásítì, tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò ní ọ́fíìsì kan ní Jonesboro, mo gbé ẹ̀mí ara mi lé ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní ilé ìdáná. Nígbà tí èébì bẹ̀rẹ̀, mo ní òògùn ọkàn ni. Nígbà tí mi ò fẹ́ gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́, mo ní ata Amẹ́ríkà ni kò dára. Ọkọ mi ló lọ ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi.

Nígbà tí àwa méjèèjì rí i pé oyún wà, a jókòó sórí ibùsùn, a ò lè wo ojú ara wa.

Ọkọ mi ní, "Mo wà níbẹ̀ nígbà tí o ò lè mí. Mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́ láyé mi. Ṣùgbọ́n ara ẹ ni. Ohun tí o bá sọ la máa ṣe."

Mo gbàdúrà, mo sunkún, mo tún gbàdúrà. Ọmọbìnrin wa àgbà wọlé wá béèrè bóyá òun lè wẹ bèbí òun nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi. Bí ó ṣe dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bèbí rẹ̀ tó ti tutù rin ni ọ̀rọ̀ náà yanjú nínú mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ wà láàyè láti tọ́ àwọn tí mo ti bí. Nígbà yẹn, òfin ìpínlẹ̀ wa kò tíì le bó ṣe le lónìí. Dókítà ọkàn sọ ilé ìwòsàn tí a lè lọ fún wa, ó sì ní kí a má fi falẹ̀.

Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí ju iṣẹ́ abẹ lọ ni ojú tí wọ́n máa fi wò mí. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìṣẹ́yún láti kékeré kò ju ẹ̀sín lọ. Ọmọbìnrin kan wà ní ilé kejì sí tiwa ní Ìbàdàn tí wọ́n gbé lọ sí ọsibítù tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára, èébú ni àwọn nọ́ọ̀sì fi gbà á kí wọ́n tó fún un ní ibùsùn. Nítorí náà mo ti to èsì sílẹ̀ fún gbogbo èébú tí mo lérò pé wọ́n máa bú mi. Mo tún dọ́gbọ́n pa ara mi dà. Àkókò àrùn tó gba gbogbo ayé nígbà náà ni, gbogbo ènìyàn ló ń lo ìbòmú, ṣùgbọ́n mo tún we gèlè bo etí, mo sì fi dígí dúdú bo ojú. Ọkọ mi wò mí nínú ọkọ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ja báǹkì lólè ni mo jọ.

Níwájú ilé ìwòsàn náà, àwọn kan tó lòdì sí ìṣẹ́yún dúró sí etí ọ̀nà tí wọ́n ń pariwo sí ẹni tó bá ń wọlé. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ ẹ̀wù olómi ọsàn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sin aláìsàn wọlé, wá bá mi pẹ̀lú agbòòrùn ńlá, ó ṣí i sí ẹ̀gbẹ́ tí ariwo ti ń wá, ó sì ń sọ fún mi nípa àwọn tòmátì tí òun gbìn sẹ́yìn ilé títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò gbọ́ ohun tí àwọn yẹn ń sọ. Tòmátì nìkan ni mo gbọ́. Nítorí àrùn náà, ọkọ mi kò lè bá mi wọlé, ó dúró sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ wa kékeré.

Wọ́n mú mi lọ sí yàrá kékeré kan. Nọ́ọ̀sì kan wọlé tòun ti ìbòmú, ó kí mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì béèrè bí mímí mi ṣe rí láàárọ̀ yẹn. Ohùn tí mo mọ̀ bí ẹni mọ owó ni. Mọ́mì Kúáyà ni! Ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í gba ìgbàkúgbà, tó máa ń dá orin dúró tí ẹnì kan bá pẹ́ wọlé. Gbogbo wa mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti ń kọ alto, ohùn ìsàlẹ̀ ti àwọn obìnrin, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo pinnu pé mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, mo ń mi orí, ikọ́ nìkan ló bọ́ lẹ́nu mi. Ìgbà tí wọ́n wá béèrè orúkọ òògùn ọkàn tí mò ń lò, tí orí mímì kò lè dáhùn, mo fi ohùn kan bíi ti ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní imú. Mọ́mì gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀. Wọ́n fa àga kékeré, wọ́n jókòó kí ojú wa lè dọ́gba.

"Má bẹ̀rù," wọ́n ní, ní Yorùbá, jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo ti mọ̀ ẹ́ látìgbà tí o ti wúkọ́. Nínú yàrá yìí, nọ́ọ̀sì ẹ ni mí. Tí o bá fẹ́ nọ́ọ̀sì míì, màá pè é wá nísinsìnyí, mi ò ní bínú, mi ò sì ní bi ẹ́ ní ìdí. Tí o bá fẹ́ kí n dúró, màá dúró. Ohun tí mo bá rí níbí, ibí ló ń gbé."

Omijé ti kún inú ìbòmú mi. "Ẹ dúró, mà," mo ní. "Ṣùgbọ́n mà, ẹ ò ní máa rò pé..."

"Ọkàn ẹ ni mò ń rò. Na apá, jẹ́ kí n wọn ìfúnpá ẹ."

Ẹ̀rù èébú tí mo gbé wá láti ilé tú dànù níbẹ̀. Dókítà wọlé, obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó pe dókítà ọkàn mi lórí fóònù níwájú mi, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa òògùn tó lè ni mí lára àti èyí tí kò lè ni mí lára. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ohun tí mo fẹ́ ṣe dá mi lójú, pé tí mo bá fẹ́ lọ sílé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ó dá mi lójú. Kí ó tó fọwọ́ kan ibikíbi, á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á ní, "Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?" Ọmọ méjì ni mo ti bí ní ọsibítù ńlá, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ó dà bí inú rírun nǹkan oṣù, àmọ́ ó le jù ú lọ. Láàárín rẹ̀ ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ sì ń dún. Mọ́mì di ọwọ́ mi mú, wọ́n tẹ̀ sún mọ́ etí mi. "Mí bí a ṣe ń mí kí a tó wọnú orin tó gùn. Láti ìsàlẹ̀ ikùn. Má gbé èjìká sókè, mo ti ń sọ fún ẹ tipẹ́." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí lórí ibùsùn yẹn. Mo mí bí wọ́n ṣe wí, ìró ẹ̀rọ náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí dókítà fi ní ó ti parí.

Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbígbóná bò mí, wọ́n fún mi ní tíì àti bisikíìtì. Ẹkún dé, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú. Mọ́mì ní, "Sunkún bó bá ń wá. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ." Wọ́n ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí n rí àti èyí tí mo gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ pè wọ́n kíá, wọ́n sì jẹ́ kí dókítà bá mi yan ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí kò ní ṣe ọkàn mi níbi. Mọ́mì fúnra wọn ló mú mi dé ìdí ọkọ̀, tí wọ́n tún àlàyé náà ṣe fún ọkọ mi. Ọkọ mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà.

"Dìde, jàre," Mọ́mì ní. "Gbé ìyàwó ẹ lọ sílé kó lọ sùn."

Nígbà tó yá, mo padà sí ìdánrawò akọrin. Mo pẹ́ díẹ̀. Mọ́mì dá orin dúró, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní ṣé ilé ọkọ mi kò ní aago ni. Gbogbo akọrin rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan pè mí láti ilé ìwòsàn, ó ní òun fẹ́ mọ bí mo ṣe gbádùn ìtọ́jú wọn sí. Ṣé wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi? Ṣé wọ́n ṣàlàyé kó yé mi? Mélòó ni màá fún wọn nínú mẹ́wàá? Mo ní mẹ́sàn-án, nítorí ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, kò sí tíṣà tó ń fún ènìyàn ní mẹ́wàá. Ó béèrè bóyá mo lè júwe ibẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, torí mi ò mọ ọ̀rẹ́ tí mo máa kọjú sí tí màá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún. Ó ní ṣé ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo wá a lédè Gẹ̀ẹ́sì, mi ò rí i. Mo ní kí ó sáà bá mi sọ fún wọn pé wọ́n ṣe mí bí ènìyàn.

Lónìí mò ń gun àtẹ̀gùn láì dúró. Àwọn ọmọ mi ti ń ka ìwé fún ara wọn. Òfin ti yí padà ní Georgia, mo sì máa ń ronú nípa ẹni tó wà nípò tí mo wà nígbà náà, bóyá yóò rí ẹni tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé òun lè bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Mọ́mì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀ṣì sì ṣe ìdúpẹ́ fún wọn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ jáde wá. Àwọn kan sọ̀rọ̀ gígùn nípa orin. Èmi náà gba makirofóònù, gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ sì fò lọ. "Ẹ ṣé, mà," ni mo sọ, mo padà lọ jókòó. Obìnrin mìíràn dìde lẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," òun náà jókòó. Òmíràn tún dìde láti ẹ̀yìn, àgbà tí mo rò pé mo mọ gbogbo ìtàn rẹ̀, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yíjú sí Mọ́mì láti wo ojú wọn. Bákan náà ni wọ́n ṣe mi orí sí gbogbo wa, ẹ̀rín kan náà, kò pọ̀ jù kò kéré jù. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè sọ ẹni tí wọ́n tọ́jú nínú wọn àti ẹni tó kàn fẹ́ dúpẹ́.