Ẹnu Tó Ka Káàdì Mi Síta

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ìbínú kì í da nǹkan fúnni. Mo mọ òwe náà. Gbogbo òjò tó kọjá ni mo ń pa á fún ara mi, nígbà tí mo ń kọ́ bí a ṣe ń ta pókà lórí fóònù. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, wọn ò tíì ka káàdì ọwọ́ rẹ̀ síta ni.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ìkánjú sọ, ìdajì rẹ̀ ní í dé etí.

Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ káńsù, Obbo-Ilé ni mo ń gbé. Pókà, eré káàdì tí mo ń wí yìí, kì í ṣe ti owó. Ọ̀fẹ́ ni. Bí èèyàn bá wọlé, wọ́n á fún un ní owó eré; ẹni tí tirẹ̀ bá tán, á dìde. Ọ̀sán Sátidé ni ìdíje rẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa dìde, wọ́n á máa dìde, títí yóò fi ku tábìlì kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́sàn-án nídìí rẹ̀. Tábìlì ìkẹyìn yẹn ni mo fojú sùn. Mo ní kí ọdún tó parí, kí n jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kò ní kí n borí o. Kí n ṣáà jókòó.

Ohun tó ń pa mí tẹ́lẹ̀ ni pé n kò lè jù káàdì sílẹ̀. Káàdì méjì ni wọ́n máa ń fún èèyàn ní ìkọ̀kọ̀. Ì báà jẹ́ pàǹtírí, èmi á fẹ́ mọ ohun tí yóò dà. Mo wá fi òfin de ara mi: èyí tí kò bá dára, kí n jù ú sílẹ̀, kí n má bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀bù iṣu tó ti jẹrà, àgbẹ̀ wo ló ń gbìn ín pé bóyá yóò hù? Bí ẹnikẹ́ni bá sì rẹ́ mi jẹ, kí n pa fóònù, kí n lọ mu omi. Kí n má fi ìbínú lé ohun tó ti lọ. Lẹ́yìn eré, mo máa ń padà wo gbogbo bí mo ṣe ta á, àgàgà ibi tí mo ti jẹ, nítorí òmùgọ̀ pàápàá a máa jẹ nígbà mìíràn. Kó tó di pé àgbàdo gbẹ lóko, mo ti wà nínú àwọn díẹ̀ tó ń kẹ́yìn dìde.

Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí nínú ilé mi. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ti ń mú dáadáa ní àdúgbò wa, abẹ́ igi yẹn náà ni wọ́n ti ń ta ayò. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, wọ́dìnì ni ní ìjọ Ańgílíkà, kò sì sí ẹni tó ń nà án láyò láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Ọ̀sì. Láyò, kò sí ohun tó pamọ́. Ọmọ ayò wà nínú ọpọ́n, gbogbo ayé ń wò ó, òǹwòran sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń wòran tí kò bú ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń nà, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti na ẹni tó ń bá a ta tán, ẹ̀yìn mi ló ń bọ̀.

"Ùwọ ọmọ yìí, kí lo tún jù sílẹ̀?"

"Kò dára ni, Bọ̀dá."

"Kò dára! Mẹ́rin àti mẹ́sàn-án! Láti àárọ̀, jíjù lò ń jù. Ọ̀pẹ tó ń sá fún ọpọ́n!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo ń gbé e mì.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í sọ káàdì síta."

"Ta ló ń gbọ́? Àwọn òyìnbó tí ẹ jọ ń ta á, ṣé Obbo ni wọ́n ń gbé?"

Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ará Eruku tó fẹ́ ìyàwó nílùú wa. Orí gbòǹgbò igi ló máa ń jókòó sí, á tẹrí sí fóònù tirẹ̀. Ìròyìn ni mo rò pé ó ń kà.

Ní Sátidé tí mo ń sọ yìí, ó ku tábìlì méjì. Bí èèyàn díẹ̀ bá tún dìde, mo dé ibi tí mo ń lọ. Ó ti pẹ́ tí n kò ti bá ẹnikẹ́ni du nǹkan níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí mo bá fi owó lélẹ̀, òótọ́ ni. Sùúrù tí mo ti kó jọ yẹn ni mo fẹ́ ná. Káàdì ọwọ́ mi kò já mọ́ nǹkan kan. Mo kó gbogbo owó eré mi lélẹ̀ bí ẹni tó ní káàdì ọba méjì, tó lágbára. Ìhàlẹ̀ ni, ó sì wà nínú eré náà. Ó ku ẹnìkan ṣoṣo tí yóò dá mi lóhùn. Aago rẹ̀ ń lọ, ó ń ronú. Mo mọ̀ pé yóò jù ú sílẹ̀.

"Háà!" Ẹ̀gbọ́n mi ló pariwo lẹ́yìn mi. "Ọmọ ìyá mi ń purọ́ o! Méjì àti méje! Kò ní nǹkan kan lọ́wọ́!"

Ẹ̀rín wọn ò tíì tán tí ẹni tó ń ronú yẹn fi gbà á, tó fi owó tirẹ̀ ko tèmi. Ó ṣí káàdì rẹ̀, mẹ́jọ méjì péré ló ní. Gbogbo tèmi lọ. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ará Eruku fò dìde lórí gbòǹgbò.

"Mo mú un!"

Mo já fóònù ọwọ́ rẹ̀ gbà, mo wò ó. Tábìlì kan náà ni. Òun ni.

"O ò gbọdọ̀ ta á níbi tí a jọ jókòó sí," mo wí. "O gbọ́ káàdì mi!"

"Ṣé kí n fi òwú dí etí ni? Ìwọ lo mú akéde wá sídìí pókà."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú rẹ̀. "Ṣé torí eré lo ṣe ń bínú báyìí? Lọ mu omi tútù."

Eré. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó ń kọ́ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kí i pé ó kú iṣẹ́. Èmi tí mo jókòó ní ọjọ́ orí mi yìí, tí mo kọ́ ọwọ́ mi láti jù, tí mo kọ́ inú mi láti má ru, eré ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan sì da ọpọ́n ayò tirẹ̀ nù wò, ẹ ó rí i bóyá eré ni.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo padà síbẹ̀, torí kò sí ibòmíràn. Ará Eruku kò wá. Mo ti sọ ohun kan fún un ní ọ́fíìsì tí n kò ní kọ síbí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá gbé àga, mo fi ẹ̀yìn ti igi kí ẹnikẹ́ni má lè dúró lẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, ó dìde nídìí ayò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti wò ó. Mo lẹ fóònù mọ́ àyà.

"Ùwọ ń fi nǹkan pamọ́ fún mi? Níwájú ulé mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Ẹ má wò ó."

Ó wo ojú mi títí. N kò gbé ojú kúrò. Ó padà sídìí ọpọ́n rẹ̀, kò sì bú ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Tábìlì di méjì, ó di ẹyọ kan. Mo jókòó nídìí rẹ̀. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ lé dìde níbẹ̀, àmọ́ mo jókòó. Mo gbójú sókè pé kí n wá ẹni tí n ó sọ fún. Ẹ̀yìn orí àwọn tó ń ta ayò ni mo rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yà sọ́dọ̀ mi láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò jókòó.

"Ọkọ mi, wọ́n ní ẹ dójú ti ẹ̀gbọ́n yín láàárín èèyàn."

"Ṣé wọ́n sọ fún yín pé mo dé tábìlì ìkẹyìn?"

"Èyí tí ẹ dé, ẹ ti dé e. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn láti àná. Ẹ wá dọ̀bálẹ̀, kó tán."

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi kí wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi mí bí mo ṣe ta á, n ó wá."

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì bi mí. Sátidé ń bọ̀, mo sì ti fún ara mi ní òmíràn ṣe: kí n má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dìde nídìí tábìlì yẹn mọ́. Abẹ́ igi yẹn náà, níwájú ilé rẹ̀, ni n ó ti ta á. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wá wò ó, àyà mi ni yóò rí.